Kí ló ń jẹ táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà ní Òkè-Odò? Ọ̀rọ̀ náà kọjá fọkanáísà

Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ní Ilé-Epo tàbí ní Abúlé-Ẹ̀gbá, tí ẹ fẹ́ wọ inú àdúgbò lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kadà lẹ máa gùn. Ẹ ó ná iye, ẹ ó jókòó, ó di ilé. Ṣùgbọ́n lọ́la, kí ẹ tó jókòó, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ wo táyà iwájú, kí ẹ wá wo ti ẹ̀yìn. Ti iwájú ṣì lè ní ìlà dáadáa lára. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti dán bí orí apárí.

Kódà ká ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra méjèèjì, ti ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ lọ. Àwọn kan á ní ayédèrú táyà ló fà á. Àwọn míì á ní ìwàkuwà àwọn ọlọ́kadà ni. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, àmọ́ wọn ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Bí mo ṣe rí i rèé. Táyà ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù ọ̀kadà ń já lé: ẹrù ẹ́ńjìnnì, ẹrù èrò, ẹrù bíréèkì. Ní Òkè-Odò, a tún wá di ẹrù mẹ́ta míì lé e: ọ̀nà tí ò dáa, òfin tó lé ọ̀kadà wọ orí ọ̀nà náà, àti àpò tó ti gbẹ. Ẹni tó sì jókòó gan-an lórí táyà yẹn, èmi àti ẹ̀yin ni.

Iṣẹ́ mẹ́ta, táyà kan

Iṣẹ́ táyà iwájú ò ju kó darí ọ̀kadà, kó sì bá wọn dá a dúró. Ẹ̀yìn ni ṣéènì wà. Gbogbo agbára tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì, táyà ẹ̀yìn ló ń gbà kọjá kó tó kan ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́kadà bá já kíláàṣì, tó fún un níná, táyà ẹ̀yìn ló ń fi ara ha títì kí ọ̀kadà tó gbéra.

Ẹrù kejì ni àwa èrò. Ibi tí èrò ń jókòó sí, orí táyà ẹ̀yìn gan-an ló bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Àwọn ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ ní Èkó, irú Bajaj Boxer, òun fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju nǹkan bíi 110 sí 125 kílò lọ. Bí èrò méjì tí ìkọ̀ọ̀kan wúwo tó 70 kílò bá gùn ún, 140 kílò nìyẹn. Ẹrù ti wúwo ju ẹni tó ń gbé e lọ, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló gbé gbogbo rẹ̀. A ò tíì ka àpò gàrí tí ìyá kan rà ní ọjà Òkè-Odò mọ́ ọn o.

Ẹrù kẹta ni bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń bẹ̀rù bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń dá táyà iwájú dúró. Wọ́n gbà pé ó máa ń gbé èèyàn ṣubú. Torí náà, ti ẹsẹ̀, tó jẹ́ ti ẹ̀yìn, ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Àmọ́ bí ọ̀kadà bá fẹ́ dúró lójijì, ìwọ̀n rẹ̀ á sáré bọ́ síwájú, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Táyà tó ti fúyẹ́, tí bíréèkì wá dì mú gírígírí, kò ní yí mọ́. Ńṣe ló máa wọ́ nílẹ̀. Ìlà dúdú tí ẹ máa ń rí lórí títì yẹn, rọ́bà táyà ni. Owó ẹnìkan ló fọ́n sílẹ̀ yẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà ń dá kún un. Bí atẹ́gùn inú táyà bá kéré, etí rẹ̀ méjèèjì á máa jẹ, táyà náà á sì máa gbóná. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, àárín nìkan ló ń kan ilẹ̀, àárín ló sì máa tètè lọ. Síbẹ̀, mélòó nínú wọn ló ń fi gééjì wò ó? Ọ̀pọ̀ ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n á ní ó ti le, ó ti tó.

Ṣéènì náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bá ń fa ṣéènì tó ti rọ̀, àmì wà lára irin lápá ọ̀tún àti lápá òsì tó yẹ kí wọ́n fi mú méjèèjì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ju ìkejì lọ, wíìlì ẹ̀yìn á kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n bí táyà ṣe ń yí ló ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́. Ọlọ́kadà á máa bú ẹni tó ta táyà fún un, nígbà tó jẹ́ pé ṣéènì lọ̀tá.

Òfin lé wọn wọ inú àdúgbò

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Kutọnu. Kí ló wá dé tí ti Òkè-Odò tún fi le sí i?

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012, Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà tó lé ọ̀kadà kúrò lórí ọ̀nà 475 ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní February 1, 2020, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 àti LCDA 9, pẹ̀lú ọ̀nà márosẹ̀ 10 àti bíríìjì 40. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, wà lára wọn. Ní May 2022, àwọn ọlọ́kadà kan pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Lekki, inú sì bí gbogbo ìlú. Nígbà tó di June 1 ọdún yẹn, ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní September 1, wọ́n fi Kọ́sọ̀fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un.

Alímọ̀ṣọ́ ò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọ̀kadà ṣì lè ṣiṣẹ́ níbí, tí kò bá ṣáà ti gun ọ̀nà márosẹ̀.

Mi ò sọ pé òfin náà ò nídìí o. Ẹni tó bá ti dé ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú egungun rí á mọ ohun tí ọ̀kadà ń ṣe fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo òfin yìí láti apá ibi tí táyà wà. Bí ọ̀kadà ò bá lè gun márosẹ̀, inú àdúgbò ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Ẹ sì mọ bí inú àdúgbò wa ṣe rí: gálọ́ọ̀pù, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, omi tó dá rogún lẹ́yìn òjò.

Ìrìn inú àdúgbò kì í gùn. Gbéra, dúró, gbéra, dúró. Gbígbéra àti dídúró yìí gan-an ló sì ń jẹ táyà jù. Ọ̀kadà tó ń sáré lórí títì tó tẹ́jú lè gbéra lẹ́ẹ̀kan kó lọ jìnnà. Tiwa á tẹ bíréèkì nítorí kòtò, á tún fún un níná, kòtò míì á tún dé. Lórí iyanrìn, táyà ẹ̀yìn á kọ́kọ́ yí lófo kó tó rí ilẹ̀ dì mú. Lórí òkúta, etí òkúta ń gé rọ́bà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ilá.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, òun ló sì pọ̀ jù ní gbogbo Èkó. Ẹni tó bá ń gbé ibí mọ̀ pé a ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. BRT wà lórí márosẹ̀ láti Òṣòdì títí dé Abúlé-Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n BRT ò ní gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìjọba fi ìyókù ìrìn náà sílẹ̀ fún ọ̀kadà, kò sì tún ọ̀nà tí ọ̀kadà máa gbà ṣe.

Owó táyà tàbí owó oúnjẹ?

Nígbà kan, a ń ṣe táyà mọ́tò nílẹ̀ yìí. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007. Dunlop, tó wà ní Ìkẹjà níbí, dá táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà wa ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí June 2023 tó dé, dọ́là kan ò tó ₦500 ní ojú owó ìjọba. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Epo náà ò dúró jẹ́ẹ́: kò tó ₦200 lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023, ó sì di ₦998 ní ilé-epo NNPC ní Èkó ní October 2024.

Ẹ wá fi ara yín sípò ọlọ́kadà. Ọ̀pọ̀ wọn ò ni ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn. Wọ́n ní owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún olówó ọ̀kadà lójoojúmọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Epo wà nílẹ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ló ṣeé sún síwájú? Ẹni tí kò ra epo ò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò fún olówó lówó, wọ́n á gba ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ja tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn agbèrò á fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Táyà nìkan ni kì í pariwo. Torí náà, táyà ló ń dúró de ọ̀la.

Bí ọ̀la ò bá wá dé, tòkunbọ̀ á wọlé. Ẹlòmíì á ní kí fọkanáísà fi irin gbígbóná fín ìlà tuntun sára táyà tó ti dán. Ìlà náà á hàn lóòótọ́, àmọ́ rọ́bà tó kù lábẹ́ rẹ̀ á túbọ̀ fẹ́lẹ́.

Kí owó lè pé, èrò méjì á gun ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìrìnnà ní kó jẹ́ ẹyọ kan. Èrò méjì á tún jẹ táyà kíákíá. Táyà á tún gbowó. Owó táyà á tún fa èrò méjì. Ajá ń lépa ìrù ara rẹ̀.

Ṣé àwọn ọlọ́kadà ò wá jẹ̀bi ni?

Wọ́n jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó fi túláàsì mú wọn kí wọ́n máa fún un níná bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ẹni tó bá ń rọra gbéra, tó ń lo bíréèkì méjèèjì pọ̀, tó ń wọn atẹ́gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, táyà rẹ̀ á pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lórí ọ̀nà kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Kigali ní Rwanda. Èrò kan ṣoṣo ni ọ̀kadà wọn ń gbé, èrò náà sì ń dé akoto. Kì í ṣe pé áńgẹ́lì ni àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀. Ìjọba wọn ṣe òfin, wọ́n sì dúró tì í. Ní Èkó níbí, òfin tí a mọ̀ jù ni "ẹ kúrò níbí." Níbi tí wọn ò bá sì ti lé wọn, bíi ti ọ̀dọ̀ wa, ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin tó ń gun ọ̀kadà ṣiṣẹ́: ẹ wọn atẹ́gùn láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Ẹ rí i pé àmì ṣéènì dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹ tó sanwó táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2223, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ nínú oòrùn lè máa dán gbinrin lójú, kí rọ́bà rẹ̀ ti gan.

Ẹ̀yin èrò, ojú yín ni gééjì yín. Bí ẹ ò bá rí ìlà lára táyà ẹ̀yìn, pàápàá lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ọlọ́kadà bá sì ní kí ẹnìkejì gun ẹ̀yìn yín, ẹ kọ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sáré. Èmi náà ti gun méjì rí, mo sì gbàdúrà títí mo fi dé ilé.

Ẹ̀yin alága àti káńsẹ́lọ̀ LCDA Agbádò/Òkè-Odò àti gbogbo Alímọ̀ṣọ́: July 2025 la dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ọ̀nà àdúgbò, iṣẹ́ yín ni. Gálọ́ọ̀pù tí ẹ bá dí lónìí, ẹ ti dín owó táyà kù fún ẹgbàágbèje èèyàn, ẹ sì lè ti gba ẹ̀mí ẹnìkan là.

Torí nígbà tí táyà iwájú bá jò, ọlọ́kadà á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ti ẹ̀yìn bá bẹ́, lábẹ́ èrò ló ti máa bẹ́. Lára àwọn èrò yẹn sì ni ọmọ iléèwé tó gbé báàgì kọ́rùn, tí ìyá rẹ̀ ti sanwó ọ̀kadà fún, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà tí ẹ gùn lónìí, báwo ló ṣe rí? Ọ̀nà wo ló sì ń jẹ táyà jù ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí àwọn tó ń gbowó wa lè rí i.