Ẹ Má Ta Kátálíìsì Ọkọ̀ Yín Bí Àlòkù Irin

Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní Wuye, ní Àbújá níhìn-ín, nígbà tí mẹkáníìkì kan ní kí n jẹ́ kí òun gé kátálíìsì kúrò lára sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi. Ó ní ó ti dí, àti pé ẹni tí yóò rà á wà nítòsí. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, bóyá Kàdúná ni tàbí Jọ́ọ̀sì, irú ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí yín.

Kí ni kátálíìsì? Amọ̀ sísun ni, tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Egunrín plátínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù, tí ojú lásán kò lè rí, ni a fi lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ni wọ́n ń gba oró lára èéfín, pàápàá carbon monoxide tí ó lè pa ènìyàn.

Ooru ni ọ̀tá wọn. Bí ó bá pọ̀ lápọ̀jù, àwọn egunrín náà a máa rìn, wọn a sì máa so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kán epo pupa ti í ṣe lójú ọbẹ̀. Bí wọ́n bá ti so pọ̀, agbára wọn a dínkù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá ọ̀nà tí egunrín yóò fi di ibùdó rẹ̀ mú ṣinṣin. Ní 2002, àwọn onímọ̀ Daihatsu ní ilẹ̀ Japan kéde kátálíìsì tí paládíọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọ inú ohun tí ó gbé e ró, tí ó sì tún ń jáde, kí ó má baà so pọ̀. Ní 2015, àwọn ti Yunifásítì St Andrews ní Scotland fi hàn pé egunrín níkẹ̀lì tí ó hù jáde láti inú ibùdó rẹ̀ a máa fìdí múlẹ̀ bí eyín nínú erìgì, ju èyí tí a kàn fi lé e lórí lọ.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ọkọ̀ àlòkù ni púpọ̀ nínú wa ń gùn. Kátálíìsì wọn ti ń gbó kí wọ́n tó dé èbúté. Ó yẹ kí ìjọba ran ilé-ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní Sheda, ní agbègbè olú-ìlú yìí, àti àwọn yunifásítì wa lọ́wọ́, kí àwọn náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí èéfín ọkọ̀ sì ti wà láti 2011. Kí a mú un ṣẹ.

Èmi kọ̀ fún mẹkáníìkì náà. Nígbà tí ẹlòmíràn yẹ ọkọ̀ náà wò, púlọ́ọ̀gì ni ó bàjẹ́. Kátálíìsì kò dí rárá. Ẹ̀yin ará, owó tí a bá gbà lórí rẹ̀ yóò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín tí ó bá ṣẹ́kù, àwọn ọmọ wa ni yóò máa fà á símú.