Ẹ má wo apá eléré, ẹ wo kìlómítà rẹ̀ keje

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní Sátidé kan, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, lórí pápá kan nílùú Abẹ́òkúta, ọ̀rẹ́ mi kan tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ fi ẹ̀yìn mi balẹ̀. Èmi ni mo ní apá o. Èmi ni mo máa ń gbé irin ní jíìmù lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Òun, ìṣáré nìkan ló mọ̀: á sá láti Pánṣẹ̀kẹ́ dé Òkè-Ìlèwó, á tún sá padà.

A fẹ́ dán eré-ìje kan tó ti gba orí TikTok àti Instagram wò, ìyẹn Hyrox. Gbogbo àwọn tó wá wòran ló sọ pé èmi ni màá borí. Apá mi ni wọ́n wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ibi tí wọ́n wò yẹn gan-an ni àṣìṣe wà, àṣìṣe ọ̀hún sì ń ná àwa ọ̀dọ́ lówó àti àsìkò. Nígbà mìíràn, ó ń ná wa ní ìlera.

Kí tiẹ̀ ni Hyrox?

Ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2017. Christian Toetzke àti Moritz Fürste ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Fürste yìí ti gba góòlù Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mejì nínú họ́kì orí pápá. Ìlànà eré náà rọrùn láti ṣàlàyé: ẹ ó sá kìlómítà kan, ẹ ó ṣe iṣẹ́ agbára kan, ẹ ó tún sá kìlómítà kan, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi pé mẹ́jọ.

Iṣẹ́ agbára mẹ́jọ náà rèé. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn rẹ̀ wálẹ̀. Ìkejì, títi irin tí wọ́n kó ẹrù lé, tí wọ́n ń pè ní sled. Ìkẹta, fífi okùn fa sled náà. Ìkẹrin, dídojúbolẹ̀ kí ẹ tún dìde fò síwájú. Ìkarùn-ún, ẹ̀rọ tó dà bí ìtukọ̀. Ìkẹfà, gbígbé irin sọ́wọ́ méjèèjì rin 200 mítà. Ìkeje, gbígbé àpò iyanrìn sí èjìká, kí ẹ máa fi orúnkún kanlẹ̀ lọ fún 100 mítà. Ìkẹjọ, jíju bọ́ọ̀lù wúwo lu ògiri nígbà 100.

Àwa ò ní sled. Táyà ọkọ̀ ńlá la tì, òun náà la so okùn mọ́ tí a fà. Ẹ̀rọ méjì tí a ò ní, okùn fífò la fi rọ́pò wọn. Ní ti irin ọwọ́, ọkùnrin tó bá wà ní ìpele gbogboogbò máa ń gbé kílò 24 sọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ ohun tó sún mọ́ ọn jù? Kẹ́ẹ̀gì omi! Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún dẹ́nu wúwo ju irin wọn lọ díẹ̀. Ẹni tó bá ti pọn omi láti borehole ọ̀nà jíjìn wálé ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́jọ Hyrox láìmọ̀.

Ẹ ka aago náà dé ìparí

Ẹnì kan fi fóònù kọ àsìkò wa sílẹ̀, kìlómítà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Tèmi rèé:

4:12, 4:31, 5:05, 5:10, 5:22, 5:40, 6:20, 6:40.

Ti ọ̀rẹ́ mi:

5:02, 4:58, 5:03, 5:00, 4:59, 4:58, 5:01, 5:03.

Lẹ́yìn kìlómítà àkọ́kọ́, mo ti fi ìṣẹ́jú àáyá 50 ṣíwájú, àwọn èèyàn sì ń pariwo orúkọ mi. Nígbà tí a parí ìkẹfà, tí ẹ bá ro ìṣáré nìkan pọ̀, ìṣẹ́jú 30 géérégé ni tèmi, ìṣẹ́jú 30 géérégé ni tirẹ̀. Kìlómítà méjì tó kù ló fi gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi: 43:00 fún mi, 40:04 fún un. Nídìí iṣẹ́ agbára, mo fi 1:10 yá jù ú lọ. Síbẹ̀, ó fi 1:46 nà mí.

Ẹ yọ kìlómítà àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkẹjọ. Tèmi, 2:28 ló fi fà sẹ́yìn. Tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Lójú tèmi, òǹkà kékeré yẹn sọ òtítọ́ nípa eléré ju àwòrán apá ẹgbẹ̀rún lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ara mi?

Iṣan ní ọ̀nà méjì pàtàkì tó fi ń rí agbára. Ọ̀nà kan ń lo ọ́síjìn tí a mí sínú. Kò yára, àmọ́ ó lè ṣiṣẹ́ pẹ́. Ọ̀nà kejì kì í dúró de ọ́síjìn. Ó ń yára jó ṣúgà tí iṣan kó pamọ́, ó sì ń mú láktéètì jáde. Ọ̀pọ̀ kóòṣì máa ń sọ pé láktéètì yìí ni májèlé tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn àti àwọn iṣan mìíràn tiẹ̀ ń lò ó bí epo. Ohun tí pípọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń sọ fún wa ni pé a ti ń ná ju bí ọ́síjìn ṣe ń wọlé lọ, àti pé àwọn èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kí iṣan fún dáadáa ń kóra jọ.

Ó dà bí owó sọ́gúndogójì. Nígbà tí mo sá kìlómítà àkọ́kọ́ ní 4:12, gbèsè ni mo jẹ. Kí n tó rí àyè san án, táyà ti dé. Itan àti ìdí tí mo fi ti táyà náà ni mo tún fẹ́ fi sáré. Gbèsè gorí gbèsè. Nígbà tí àpò iyanrìn fi máa kúrò léjìká mi, orúnkún mi ń gbọ̀n.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èmi nìkan. Àwọn olùwádìí kan ní Jámánì gbé iṣẹ́ jáde ní 2025 lórí eléré Hyrox 11. Ìṣáré gba àwọn eléré náà ní ìṣẹ́jú tó lé ní 50, iṣẹ́ agbára mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì gba nǹkan bí 33. Àwọn tí ara wọn lè lo ọ́síjìn púpọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfaradà púpọ̀, ló tètè parí. Eléré 11 kò pọ̀, mo gbà, àmọ́ ibi kan náà ni aago tiwa tọ́ka sí.

"Ṣé agbára ò wúlò mọ́ nìyẹn?"

Ó wúlò o. Sled ọkùnrin, kílò 152 ni àti irin àti ẹrù, kò sì sí ẹni tó máa dín in kù nítorí pé o tín-ín-rín. Ẹni tí ìwọ̀n yẹn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin agbára rẹ̀ máa parun níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni agbára jẹ́ nínú eré yìí. Tí o bá ti ní èyí tó tó wọlé, àfikún rẹ̀ kò ní gbé ọ sáré.

Ẹ tún wo àwọn alábàárù ọjà Láfẹ́nwá àti Kútọ̀. Mélòó nínú wọn ló ní apá orí Instagram? Ní 1986, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Kenya tó ń fi orí ru ẹrù. Ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn kò fi kún agbára tí wọ́n ń ná láti rìn. Ìwádìí tó tẹ̀lé e ní Gúúsù Áfíríkà ní 2010 fi hàn pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ìgbésẹ̀ tí kò fi agbára ṣòfò máa ń borí ìmí ẹ̀dùn àti ariwo. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tí mo ń bèèrè fún

Abẹ́òkúta ní ohun tí eré yìí ń fẹ́. A ní òkè tó ń dán ẹsẹ̀ wò káàkiri abẹ́ Olúmọ. A ní pápá ìṣeré MKO Abiola ní Kútọ̀, níbi tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ti wáyé ní May 2025. Ohun tí a ò ní ni àṣà kíkọ àsìkò sílẹ̀. Ẹ̀yin kóòṣì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi apá yan eléré. Ẹ fún un ní ìyípo mẹ́ta, kìlómítà kan àti iṣẹ́ kan, kí ẹ fi ìkẹta wé àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé irin, ẹ fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣáré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí tí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru náà kì í ṣe eré. Nínú agbára tí iṣan ń ná, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń di ooru. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń tù wá, afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù. Tí ojú bá ń ṣú ẹnì kan, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ dá a dúró, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin gidi máa ń dúró tí ara bá ní kó dúró.

A máa tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti pinnu pé 5:10 ni màá fi sá kìlómítà àkọ́kọ́, kódà tí gbogbo pápá bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìkeje ni kí wọ́n dúró dè mí.