Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sùn sóde àríyá ni ọtí ń pa

  

Bàbá kan tó ń gbé ní Ègbẹ́dá ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́mísìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Àwọn ọmọ mi ní mi ò gbọdọ̀ lọ sóde alẹ́ mọ́ nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ń ṣòkú ọ̀rẹ́ mi ní Ìgándò lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé àìsàn yìí ti wá sọ mí di ẹlẹ́wọ̀n ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Èmi kì í sọ fún àgbàlagbà pé kó jókòó sílé. Àgbà tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó mọ́, tí kò gbọ́ orin, tí kò rí ẹni bá ṣàwàdà, àìsàn mìíràn ló ń kó sílé yẹn. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ kọ́ ẹ̀yin àgbà ní fàájì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Miliki Spot ti Ebenezer Obey, tẹ́ ẹ mọ ilé ìgbafẹ́ Ariya ti Sunny Adé ní Jíbówú, tí ẹlòmíràn nínú yín sì ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ wọ Shrine Fẹlá lẹ́yìn ìyàwó! Àwọn ọmọ ìsìnyí rò pé àwọn ló dá òde alẹ́ sílẹ̀.

Àdúgbò wa náà kò sì fẹ́ kí èèyàn sùn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ti sọ ọ́ pé a lé ní mílíọ̀nù kan ní Alímọ̀ṣọ́, ó sì dà bíi pé ìdajì wa ló máa ń wà níta lálẹ́ Sátidé. Ẹ gba Ìkòtún kọjá lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ wo èéfín súyà, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹja yíyan. Ẹ yà sí àdúgbò kan ní Ìdímù tàbí Ìgándò, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi kánópì dí títì, gbohùngbohùn ti gbé ara ilé tì. Ó dùn, mi ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n gbé bàbá kan dé láti òde àríyá, tàwọn ti aṣọ ẹbí lọ́rùn. Ọmọ wọn ní, "Ọtí ló pa wọ́n, Nọ́ọ̀sì. Ẹ kàn bá wa fún wọn ní nǹkan tí ojú wọn máa fi dá." Láti aago kan ni bàbá ti sùn sórí àga. Àwọn èèyàn ti fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ti fi fóònù ya fọ́tò wọn, wọ́n fi agbádá bò wọ́n, wọ́n sì padà sójú agbo. Kí n sọ òótọ́, nígbà tí òórùn bíà kàn mí nímú, èmi náà kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn gbọ́. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan bùbá wọn ni àyà mi já. Ó tutù, ó rin gbingbin fún òógùn, bẹ́ẹ̀ òru ti tutù. Mo gún wọn lọ́mọ ìka, ẹ̀rọ tá a fi ń yẹ ṣúgà wò gbé 32 jáde. Bó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ó ti di ewu.

A fa omi ṣúgà sí iṣan wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n la ojú, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ni fìlà wọn. Ìgò bíà méjì péré ni wọ́n mu! Wọ́n ti lo Daonil wọn nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jáde, oúnjẹ òde náà kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì ti jó. A kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé lọ́jọ́ náà, torí oògùn yẹn ṣì wà lára, ṣúgà sì tún lè wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orí ló kó wọn yọ. Ẹni tí ṣúgà bá ti tán lára rẹ̀ pẹ́ jù, ọpọlọ lè má padà sípò, ó sì lè jẹ́ pé kò ní jí.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tọ́jú ṣúgà pa mọ́. Bí èèyàn kò bá jẹun fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹ̀dọ̀ á máa bù ú sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọtí bá ti wọlé, ẹ̀dọ̀ á fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, á dojú kọ ọtí. Oògùn bíi Daonil, Amaryl tàbí abẹ́rẹ́ insulin kò sì mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹun, ṣe ló ń fa ṣúgà wálẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn òde, kódà lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí bàbá bá ti òde dé, ẹ lọ jí wọn láàárọ̀, ẹ má ní kí wọ́n sinmi dọ̀sán.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun kíkorò ń pa ṣúgà, pé síntáọ̀tì àti ọtí onígbò ló dáa fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Irọ́ ni. Ẹnu ló mọ kíkorò, ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ ṣúgà tó wálẹ̀ jọra púpọ̀. Méjèèjì ló ń mú ẹnu wúwo, tí ẹsẹ̀ kì í dúró, tí èèyàn á máa bínú láìnídìí tàbí kó sùn lọ. Ti ṣúgà máa ń mú òógùn tútù wá, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, ebi á dédé dé. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹni náà ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, ì báà jẹ́ pé ó mutí níṣojú yín.

Bó bá ṣì ń dá yín lóhùn, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà sínú omi fún un, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní ìdajì ìgò mínírà kékeré, èyí tó ní ṣúgà nínú gan-an o. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15. Bí ara kò bá tíì bọ̀ sípò, ẹ tún fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wá oúnjẹ gidi fún un. Ṣùgbọ́n bí kò bá dáhùn mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe omi ṣúgà, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe mílíìkì. Ọ̀nà èémí ni yóò gbà lọ. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ pe 767 tàbí 112, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò fún àwa tá a wà lápá ibẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru, mi ò gbàgbé yín. Ẹ yéé fo oògùn nítorí ẹ máa lọ sóde. Ẹni tó ń lo Flagyl tàbí oògùn oorun kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí rárá. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa ń tẹ́ ọmọ sùn sábẹ́ kánópì, òru sí ìdájí ni ẹ̀fọn ibà máa ń jẹni jù. Ẹ fi ọmọ sílé, kó sùn sínú nẹ́ẹ̀tì.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá Ègbẹ́dá. Mo ní kí wọ́n lọ sóde wọn. Kí wọ́n jẹun nílé kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí wọ́n di ṣúgà oníhóró mélòó kan sápò, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn wọn sínú bébà pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ wọn, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó bá jókòó tì wọ́n pé àwọn ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Bíà ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn. Bó bá gbà, kó má ju ìgò kan lọ, lẹ́yìn oúnjẹ.

Wọ́n ní, "Ìgò ńlá àbí kékeré?"

Mo ní kékeré ni.