Ọ̀rá Yìí Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Àjẹkì

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ tẹnu mi. Ní oṣù keje 2025, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ìtọ́jú tí owó adójútòfò ìlera máa san ní Jámánì fọwọ́ sí i pé kí owó náà máa ṣe iṣẹ́ abẹ fífa ọ̀rá fún àwọn tó ní àìsàn lipoedema tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn, bó ti wù kí ìpele rẹ̀ kéré tó. Láti 2020, àwọn tí tiwọn ti dé ìpele kẹta nìkan ni wọ́n ń san tiwọn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Obìnrin ni àìsàn yìí sábà ń mú. Ọ̀rá á kó jọ sí ìdí, itan àti ojúgun, lọ́tùn-ún lósì bákan náà. Á dúró ní ọrùn ẹsẹ̀, kì í dé ọmọ ìka. Ó ń dunni. Bí nǹkan bá kàn án díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì sábẹ́ awọ. Kì í ṣe àjẹkì ló fà á. Bí onítọ̀hún gbààwẹ̀ títí, òkè ara ló máa rù, ẹsẹ̀ ò ní yẹ̀. Láti 1940 ni àwọn dókítà Allen àti Hines ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Bí a bá fi í sílẹ̀, omi lè máa dúró sínú ẹsẹ̀, kòkòrò àrùn á ráyè wọ awọ, orúnkún á bàjẹ́, ìrìn á dogun.

Lọ́dọ̀ wa, bí ẹsẹ̀ obìnrin bá tóbi, àwọn kan á ní ara ló tù ú. Àwọn mìíràn á ní jàkùtẹ̀ ni, wọ́n á máa sá fún un. Bẹ́ẹ̀, jàkùtẹ̀ tí ẹ̀fọn ń gbé kiri sábà máa ń wú àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ kan á sì tóbi ju ìkejì. Tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ńkọ́? "Màmá, ẹ dín oúnjẹ kù." Ó parí!

N ò ní kí ìjọba wa san owó iṣẹ́ abẹ bíi ti Jámánì. Ibà ṣì ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n èló ni wíwo ọrùn ẹsẹ̀ aláìsàn, ká tẹ ẹran ara rẹ̀, ká bi í bóyá ó ń dùn ún? Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ lè dín ìnira kù. Àìsàn la á wò, a kì í bú aláìsàn.

Ire o.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta.