BẸ́LÍÌTÌ GÌTÁ BÁÀSÌ: ỌRÙN ỌWỌ́ NI KÍ Ẹ WÒ

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ta báàsì ni mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, mo ń rí i lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: ọmọkùnrin á gbé gìtá kọ́rùn, á tú bẹ́líìtì ẹ̀ sílẹ̀ títí gìtá á fi balẹ̀ sórí itan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dára nínú fídíò. Àwọn àgbà ìjọ kan ní ìwà ayé ni, kí n bá a wí lórí pẹpẹ. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Kò síbi tí Bíbélì ti wọn gígùn bẹ́líìtì gìtá fún wa. Ọrùn ọwọ́ ni tèmi.

Gìtá báàsì gùn. Ibi tí okùn ẹ̀ ti ń dún sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 34, ọ̀pọ̀ sì wúwo tó kílò 4. Tó bá rọ̀ sórí itan, ọwọ́ òsì á ní láti gba abẹ́ kí ìka tó dé orí okùn tó nípọn jù, ọrùn ọwọ́ á wá ká kọ́rọ́. Iṣan ìmọ̀lára kan gba ojú ihò tóóró kọjá níbẹ̀. Tí ọwọ́ bá ká pẹ́, á fún un mọ́. Orin mẹ́ta kò lè ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ mọ ìṣọ́ òru wa, ìyìn nìkan lè gba wákàtí méjì!

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, télọ̀ ni. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ tó bá fẹ́ di abẹ́rẹ́ mú. Iṣẹ́ ìránṣọ náà lè dá kún un, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí gìtá ẹ̀ ń dé.

Wọ́n á ní Peter Hook ti Joy Division ńkọ́, tí tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún? Òótọ́ ni. Ibi ohùn tínrín, lápá ibi tí ọrùn gìtá ti sún mọ́ ara, ló fi ṣe ilé, ọwọ́ ò ní jìnnà. Báàsì tiwa, ohùn ńlá ni, lápá orí gìtá lọ́hùn-ún. Mark King ti Level 42 ní tiẹ̀ gbé e sókè sí àyà, torí àtàǹpàkò ló fi ń gbá okùn. Mi ò ní kí ẹ gbé e tó bẹ́ẹ̀ o. Tó bá ga jù, ọwọ́ ọ̀tún náà á ká.

Ẹ jókòó, ẹ gbé gìtá lé itan, ẹ fún bẹ́líìtì. Tẹ́ ẹ bá dìde, kí gìtá má sún kúrò níbi tó wà. Ó sábà máa ń bọ́ sí agbègbè ìdodo. Ní tojú èmi o, ìyẹn gan-an ló lẹ́wà: ọmọ náà á gbórí sókè, á máa wo onílù. Ẹni tó tẹ̀ba ń wá okùn nísàlẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ rí i tí olórí akọrin bá ní kí wọ́n dá orin dúró?

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ bá wọn ra bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tínrín bí okùn bàtà, èjìká ló ń jẹ.

Ẹ̀yin onígìtá Ìpẹru àti Ìṣarà, níbo ni tiyín ń dé? Ẹ fi fọ́tò síbí ká rí i.