Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kọ́ Ni Ó Jẹ̀bi

Ní ọjọ́ tí gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò kan pé, mo bá ọmọ aládùúgbò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà. Ó ti san owó. Bí ó ti tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ojú ìwé kàn funfun ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. A pe àwọn tí ó ni ìkànnì náà. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bẹ́ẹ̀ ìkànnì mìíràn gbogbo ń ṣí láìsí wàhálà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbèdéke ti kọjá.

Ẹ jẹ́ kí á pe ọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Àwọn àṣẹ tí a kọ fún sáfà ní í lọ kan ilẹ̀kùn àká ìsọfúnni, níbi tí orúkọ àti owó wa wà. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí, tí ẹni tí ó kọ àṣẹ kò sì sọ ohun tí sáfà yóò ṣe, iṣẹ́ a dúró lójijì. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà kò bára mu: MySQL a kọ 1045. Ó lè jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù: a kọ 1040, nítorí pé ìsopọ̀ 151 péré ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí a kò bá yí i padà. Ó sì lè jẹ́ pé àṣẹ ti gbó: láti ọdún 2015 ni PHP 7.0 ti yọ mysql_connect kúrò, síbẹ̀ àwọn kan ń gbé e lọ sórí sáfà tuntun.

Bí a bá ti ní kí sáfà máa kọ àṣìṣe sílẹ̀, gbogbo èyí ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí aráàlú rí i, nítorí ó lè tú àṣírí àká náà. Ṣùgbọ́n alábòójútó gbọ́dọ̀ kà á kí ó tó la ẹnu. Nígbà tí mo wà nílé ìwé ìròyìn, ọ̀gá wa kì í gba ìròyìn tí a kò bi ẹlẹ́rìí rẹ̀ léèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Nítorí náà, iléeṣẹ́ tí ó bá fi gbèdéke lélẹ̀ gbọ́dọ̀ dán ìkànnì rẹ̀ wò pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀kùn bá sì tì, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì dá wákàtí tí ó fi wà ní títì padà fún aráàlú. Ọmọ aládùúgbò mi ń retí ọdún tí ń bọ̀ báyìí, nítorí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.