Ẹni Tó Ṣu Ló Ń Gbàgbé

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó gbá a kì í gbàgbé. Òwe náà le létí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ àkùkọ Bìní mu gan-an.

Ní oṣù Èrèlé 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Bìní, wọ́n kó ẹrù ààfin, nígbà tó yá wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá. George William Neville, ọ̀gá báńkì kan ní Èkó wa níbí, bá wọn lọ. Ara ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni àkùkọ idẹ kan tí wọ́n fín ìyẹ́ sí lára, irú èyí tó ń wà lórí ojúbọ ìyá ọba. Ní 1905 ó fi ta Jesus College ní Cambridge lọ́rẹ, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti kàwé. Orí àkùkọ mẹ́ta ló wà nínú àmì ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀bùn ọ̀hún bá wọn mu rẹ́gí. Ni wọ́n bá gbé e sí gbọ̀ngàn ìjẹun.

Ìran dé ìran jẹun níwájú rẹ̀ láìbéèrè ilé tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ayé Ọba Akenzua Kejì ni ààfin Bìní ti ń béèrè ẹrù rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ta gìrì. Ní 2016 wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ dá a padà, ilé ẹ̀kọ́ sì gbé e kúrò ní gbọ̀ngàn. Ní 2019 ilé ẹ̀kọ́ yan ìgbìmọ̀ láti tú ìdí ohun tó jogún látinú òwò ẹrú, ìgbìmọ̀ náà sì yẹ ọ̀rọ̀ àkùkọ náà wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wàrà 2021, ilé ẹ̀kọ́ fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, Yunifásítì Aberdeen dá ère orí ọba Bìní kan padà. Ní 2022, méjèèjì dé ọwọ́ Ọba Ewuare Kejì. Ìlàjà nìyẹn lójú tèmi: ẹ̀bẹ̀ tí ẹrù bá rìn. British Museum ṣì di ohun Bìní tó lé ní 900 mú, ó ń tọ́ka sí òfin 1963 tó ní kò gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ẹrù rẹ̀. Ta ló ṣe òfin ọ̀hún? Ilẹ̀ tó kó ẹrù náà ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ Sábó, Yàbá àti Akọka, ẹ má jẹ́ kí ìgbàgbé ṣí wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn 1897, kí ẹ sì kó wọn lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ọnìkan. Kò jìnnà.